Àṣẹ Kan fún Ọ̀pọ̀ Ẹ̀rọ: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Èdè VBScript àti PowerShell

Ìfáàrà
Nígbà tí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá bá pọ̀ ní ọ́fíìsì kan, tí a sì so wọ́n pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ṣeé ṣe kí alámòójútó máa jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ àṣẹ sílẹ̀ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, kí àkọsílẹ̀ kan lè ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn. Èdè méjì tí iléeṣẹ́ Microsoft ṣe ni a ó gbé yẹ̀wò: VBScript, tí ó jáde ní 1996, àti PowerShell, tí ó jáde ní 2006. Ojú onímọ̀ èdè ni a ó fi wò wọ́n.

VBScript
VBScript rọrùn láti kọ́. Nípasẹ̀ WMI, alámòójútó lè fi í bi ẹ̀rọ mìíràn léèrè bí àyè ìpamọ́ rẹ̀ ṣe kù tó. Àmọ́ iṣẹ́ kékeré a máa gba ìlà púpọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹ̀rọ kì í wádìí ẹni tí ó kọ àṣẹ kí ó tó jẹ́ ẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, kòkòrò ILOVEYOU, tí a fi VBScript kọ, dé bí lẹ́tà ìfẹ́ nínú ímeèlì. Bí ènìyàn bá ṣí i, yóò ba fáìlì jẹ́, yóò sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àdírẹ́sì inú Outlook onítọ̀hún. Ẹyin lohùn lóòótọ́.

PowerShell
Jeffrey Snover ti ṣàlàyé èrò tí ó bí PowerShell láti 2002. Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó para pọ̀ di orúkọ àṣẹ rẹ̀: ẹni tí ó bá mọ Get-Service yóò lè méfò Stop-Service. Bákan náà, a lè so àṣẹ pọ̀:

Get-Service Spooler | Restart-Service

Èyí jọ àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Nínú “Ra iṣu sè jẹ”, iṣu kan náà ni a rà, tí a sè, tí a sì jẹ. Nínú PowerShell pẹ̀lú, ohun tí àṣẹ kìíní mú jáde ni ìkejì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kì í ṣe àpèjúwe rẹ̀ lásán. Láti 2009, Invoke-Command lè gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, èdè yìí ní àléébù. Ìlànà tí ó ń ká àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ kò kí í ṣiṣẹ́ kì í ṣe odi ààbò. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀daràn náà ń lo PowerShell. Àṣẹ tí ó lè tún ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ṣe lè bà wọ́n jẹ́ pẹ̀lú.

Àsọkágbá
Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Microsoft kéde pé òun yóò yọ VBScript kúrò nínú Windows. Ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní èdè náà gbọ́dọ̀ tún un kọ. Ní èrò tiwa, PowerShell ni ó yẹ kí a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láti 2016. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní -WhatIf, tí ń sọ ohun tí àṣẹ yóò ṣe láì tíì ṣe é. Ẹni tí yóò pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ yóò já sí.