Kándì Lára Ọkọ̀ Kékeré

Nínú gbogbo ọ̀dà tí ọwọ́ mi ti tẹ̀, kándì ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá gbé àwòkọ mọ́tò tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí mo kun ní kándì pupa, sínú oòrùn ọ̀sán ní Màkún tiwa ní Ṣágámù, ẹ ó rí i pé pupa rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Òrùlé rẹ̀ á máa kọ mànà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀, ibi tí ara rẹ̀ bá ti tẹ̀ wọnú á sì ṣókùnkùn. Bí ẹ ti ń yí i lọ́wọ́ ni àwọ̀ náà ń sún kiri.

Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀dà tí a fi ń kun dánfó máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pátá. Kándì ò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ gaara bí epo pupa tí oòrùn ti yọ́ nínú ìgò. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fọ́n ọ̀dà fàdákà, tó ní lẹ́búlẹ́bú alumíníọ́ọ̀mù nínú. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú pupa kọjá, á kan fàdákà, á tún gba inú pupa kan náà padà wá bá ojú wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló la àwọ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Joe Bailon, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe mọ́tò lọ́ṣọ̀ọ́ ní California, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó gbé kándì pupa jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960. Wọ́n ní iná ẹ̀yìn mọ́tò tó rí lálẹ́ ló wù ú. Èyí yé mi dáadáa, torí iná ẹ̀yìn mọ́tò náà, ike pupa ni, tí ohun dídán wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lára àwòkọ, iṣẹ́ náà tún le sí i. Èyí tí mò ń kun jù ni ìdá kan nínú 24 mọ́tò gidi. Ọ̀dà ara mọ́tò máa ń nípọn tó nǹkan bí 0.1 mìlímítà. Bí mo bá gbé e nípọn tó bẹ́ẹ̀ lé àwòkọ, bí ẹni gbé ọ̀dà tó ju mìlímítà méjì lọ lé mọ́tò gidi ni: ìlà ilẹ̀kùn á dí. Bí hóró fàdákà bá sì tóbi, á tú àṣírí pé nǹkan ìṣeré ni. Nítorí náà, fàdákà tó kúnná jù lọ ni mo ń lò.

Ìpìlẹ̀ ló ń gba àkókò mi jù. N ó fi ọṣẹ fọ ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára ike náà, n ó fọ́n pírámà, n ó sì fi sáńpépà olómi ha á kí ó lè jọ̀lọ̀. Dúdú dídán ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ fàdákà. Ìlà kékeré tí sáńpépà bá fi sílẹ̀, fàdákà á gbé e yọ, kándì ò sì ní bá mi bò ó. Kándì fúnra rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń fọ́n ọn, ọwọ́ mi kì í sì í dúró lójú kan, torí ibi tí ọwọ́ bá dúró sí ni àwọ̀ ti ń ṣókùnkùn. Bí ilẹ̀kùn bá wà lọ́tọ̀, iye ìgbà tí mo fọ́n ara ọkọ̀ ni n ó fọ́n òun náà. Kíláyà, ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, ló ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá po háádẹ́nà mọ́ ọn gbọ́dọ̀ lo ìbomú gidi tó ń sẹ́ èéfín, nítorí èéfín náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ lásán ò tó.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa náà ní àṣẹ tirẹ̀. Ní àsìkò òjò, tínà (ohun tí a fi ń la ọ̀dà) tó ń yára gbẹ máa ń fa ọ̀rinrin sórí kíláyà, á sì funfun. Tínà tó ń fara balẹ̀ gbẹ ni mo ń lò nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá dé, n ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa dìde, n ó sì da abọ́ dé iṣẹ́ náà títí yóò fi gbẹ.

Màkún wà lára àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣágámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní 1872, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Mọ́tò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pẹ́ńtà náà ò sì wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ fi àwòkọ kékeré kọ́ wọn ní kándì. Ọ̀dà ìdérí ìgò kan tó láti kun ún, gbogbo àṣìṣe ló ń hàn lára rẹ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, ẹ lè fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tún un ṣe. Ọmọ tó bá lè mú àwọ̀ dọ́gba lára ilẹ̀kùn tí kò gùn tó ìka, ó ti mọ ohun tí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò gidi ń béèrè. Bí a bá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ará Rẹ́mọ tó bá fẹ́ kándì sára mọ́tò rẹ̀ kò ní wá a lọ sí Èkó mọ́.