Máàkì Tí A Ń Fún Odò

Ìwé tí Mark Mitchell àti William Stapp kọ ní Amẹ́ríkà, Field Manual for Water Quality Monitoring, ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí etí odò. A kà á tán, a sì fi òdiwọ̀n rẹ̀ wo odò tiwa, Wẹ̀mẹ̀, èyí tí àwòrán ilẹ̀ ń kọ ní Ouémé. Ìwé rere ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá gbé e wá sọ́dọ̀ wa láìtún un rò yóò ṣi ọmọ lọ́nà nípa omi tó ń bọ́ ìdílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1984, ní ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fi pákó oní-ìgbòkun ṣeré lórí odò Huron, ni àrùn ẹ̀dọ̀ bá mú díẹ̀ nínú wọn. Stapp, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan, bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bu omi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá kòkòrò ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Àìsàn ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ ló tẹ̀lé e. Ní 1987, iṣẹ́ náà dé odò Rouge ní Detroit, odò tí iná jó lójú omi rẹ̀ ní 1969 nítorí epo tó léfòó sí i. Níbẹ̀, àwọn ọmọ òkè odò àti ti ìsàlẹ̀ ń fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ara wọn. Ní tiwa, èyí ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àyẹ̀wò mẹ́sàn-án ni ìwé náà là sílẹ̀: ọ́síjìn inú omi, kòkòrò ìgbẹ́, bí omi ṣe gbóná tó, bí ó ṣe rú tó, àti àwọn yòókù. A ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, odò yóò sì gba máàkì lórí 100, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn èyí púpọ̀ (ó dùn mọ́ wọn pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń fún ní máàkì).

Níbí gan-an ni àríyànjiyàn wa wà. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Wẹ̀mẹ̀ bá kún, omi rẹ̀ a pọ́n bí amọ̀. Lórí òdiwọ̀n ìwé yìí, omi bẹ́ẹ̀ pàdánù máàkì. Bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ń retí: bí omi bá fà, orí ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ sí. Ọmọ tó bá délé tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé odò náà fìdí rẹmi, ẹ̀rín ni bàbá yóò rín, kò sì ní jẹ̀bi. Àmọ́ ẹrẹ̀ kan náà lè jẹ́ erùpẹ̀ oko òkè tí òjò wọ́ lọ nítorí pé a ti gé igi ibẹ̀ tán. Nọ́ńbà kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àfi kí ènìyàn gòkè odò lọ béèrè.

Ohun mìíràn tún wà. Ní ìhà Parakou, níbi tí omi ti ń ṣàn wọ Okpara kí ó tó dé Wẹ̀mẹ̀, owú ni ọ̀pọ̀ ń gbìn. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí owú kò sí nínú àyẹ̀wò mẹ́sàn-án náà. A kò bá àwọn òǹkọ̀wé wí, nítorí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ju agbára kíláàsì lọ. Olùkọ́ tó jẹ́ kí ọmọ gbà pé odò tó gba 85 kò ní àbùkù ni a ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ká wa lára jù. Àwọn ọmọ wa mọ «bassin versant» lórí pátákó. Wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀. A ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀kan dáhùn pé «ọpọ́n odò», kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A wá sọ pé: gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó béèrè bóyá gọ́tà ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sí etí odò kò lè mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá. Ọmọ Kétu, tí kànga ìlú rẹ̀ jìn tí odò sì jìnnà sí i, yóò tilẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Àpótí ohun èlò àyẹ̀wò wọ́n. Ṣùgbọ́n apá tó dára jù nínú iṣẹ́ Rouge, lẹ́tà lásán lè ṣe é. Omi tó kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Kí àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ ọjọ́ tí omi kún àti àwọ̀ rẹ̀. Kí ti Àjàṣẹ́ kọ ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àti irú ẹja tó bá a wá. Yorùbá ni wọn yóò fi kọ ọ́, bí ohùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀, kí ìyá tó ń ta ẹja lè gbọ́ ọ bí a bá kà á sí i létí, kí ó sì tún un ṣe níbi tí wọ́n bá ti ṣì í.