Ẹ̀rọ Tí Kì í Dúró De Iṣẹ́

Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n ńlá gúnlẹ̀ ní etíkun Topo, ní Badagry, wọn kì í wá òmìrán kan tí yóò dá a fà. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń di okùn mú pọ̀. Irú ọgbọ́n yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti Yunifásítì Stanford gbé wọnú ṣípù kọ̀ǹpútà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì ń wá òmìrán.

Láwọn ọdún 1990, ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára á sọ ẹ̀rọ ìṣirò kan ṣoṣo orí ṣípù di ńlá, á sì máa lé eré rẹ̀ sókè. Ooru ń pọ̀, iná tó ń jẹ ń pọ̀, èrè ibẹ̀ sì ń kéré sí i. Lọ́dún 1996, Olukotun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé ó sàn kí á pín àyè orí ṣípù fún àwọn ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké tí yóò jọ máa ṣiṣẹ́. Fóònù ọwọ́ yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Afara Websystems. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems rà á lọ́dún 2002, nígbà tó sì di 2005, ṣípù tí wọ́n ń pè ní Niagara jáde. Ẹ̀rọ ìṣirò mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń di iṣẹ́ mẹ́rin mú. Ibí yìí ni kí ẹ ti wo ọwọ́ oníṣẹ́. Ìṣirò fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Dídúró de dátà láti inú mẹ́mórì ló ń jẹ àkókò. Nítorí náà, bí iṣẹ́ kìíní bá ń retí dátà, èkejì ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ 32 lápapọ̀, pẹ̀lú iná nǹkan bíi wáàtì 72 péré! Àléébù kan wà níbẹ̀: àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jọ ń pín ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò onídẹ́símà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kò lè ṣe láìsí irú ìṣirò yẹn. Ṣípù tó jáde tẹ̀lé e lọ́dún 2007 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tẹ̀lé e ló jinlẹ̀ jù. Lọ́dún 2017, òun, Rodrigo Liang àti Christopher Ré dá ilé-iṣẹ́ SambaNova sílẹ̀. Lórí ṣípù wọn àkọ́kọ́, ibi ìṣirò 640 àti ibi ìpamọ́ dátà 640 ló wà láàárín ara wọn. Ohun tí ọ̀kan bá ṣe tán, tààrà ló ń ṣàn sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, kò sí pé ó ń padà lọ sí mẹ́mórì ìta kó tó tún wọlé. Bí iṣẹ́ bá yí padà, wọ́n á tún ọ̀nà tí dátà ń gbà tò láìfọwọ́ kan ṣípù. Lọ́dún 2020, ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà so ẹ̀rọ yìí mọ́ Corona, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà ńlá wọn.

Ẹ̀bùn Eckert-Mauchly ni wọ́n fi dá Olukotun lọ́lá lọ́dún 2023, ẹ̀bùn tó ga jù láàárín àwọn tó ń ṣètò inú kọ̀ǹpútà. Ó tọ́ sí i.