Ẹkún Ìyàwó: Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Kò Lè Fi Ẹnu Lásán Sọ

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò léèrè ìwúlò ẹkún ìyàwó, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń kọ: pé ìdágbére ni, pé ìdúpẹ́ lọ́wọ́ òbí ni, àti pé ó ń dá àwọn òǹwòran lára yá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí ó ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ. Ẹkún ìyàwó ni ó ń fún ọmọbìnrin láàyè láti sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù níwájú ẹbí, nígbà tí ó bá ń kúrò ní ipò ọmọge bọ́ sí ipò aya.

Láàárín àwọn Ọ̀yọ́ ni ewì alohùn yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní Òkukù, rárà ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Karin Barber mẹ́nu bà á nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991. Níbi tí àṣà náà bá ti múlẹ̀, kí ìyàwó tó lọ sílé ọkọ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa lọ bá bàbá, ìyá àti àwọn àgbà agbo ilé. Yóò ki ìdílé rẹ̀, yóò dúpẹ́ ìtọ́jú, yóò sì mẹ́nu ba ìyá ọkọ tí kò tíì mọ ìwà rẹ̀, ìyálé, àti àìrọ́mọbí.

Ẹnìkan lè jiyàn pé àkọ́sórí ni ẹkún yìí, nítorí náà omijé rẹ̀ kò ti ọkàn wá. Èrò yìí kò jinlẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò lè ṣàdédé sọ fún un pé ilé tí wọ́n ń fi òun fún ń ba òun lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ohùn ẹkún gbé e jáde, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ti gbogbo ìyàwó tí ó ti sun ún ṣáájú rẹ̀ ni. Àwítúnwí àti ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn ń jẹ́ kí ó sọ ọ́, kí ó tún un sọ, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi fúyẹ́.

Ẹkún náà ń ṣe òbí pàápàá láǹfààní. Ìyá tí ó ti sun irú rẹ̀ rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ọmọ. Bàbá tí kì í sunkún ní gbangba a máa fi ìwúre sọ ìfẹ́ rẹ̀. Apá kan ewì náà ni ìwúre yìí. Àkójọ tí ó bá tẹ ohùn ìyàwó nìkan ti fi ìdajì sílẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: ta ni ó ń gbọ́, kí ni ó sì fi dáhùn?

Nínú ọ̀pọ̀ ayẹyẹ ìdána lónìí, ìyàwó ṣì ń kúnlẹ̀ gba ìwúre, ṣùgbọ́n alága ìjókòó àti alága ìdúró ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù. Ayọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Kò rí ẹnu sọ mọ́ ni. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún ìyàwó ń sunkún, ó sì ń rí ọ̀nà tí ó wà níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pè é ní eré ìdárayá lásán kò tíì gbọ́ ọ.