Ìṣirò Lẹ́nu: Àlàfo Kan nínú Iṣẹ́ Wa lórí Èdè Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀

Ní ọdún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà, orí orúkọ ni àríyànjiyàn àwa onímọ̀ èdè fì sí: kí ni ká pe èyí, kí ni ká pe tọ̀hún? Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ló jẹ́ kí n mọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó.

Físíìsì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ kà. Ní ilé-ìwé girama rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ jókòó sí ilé-ìkàwé bí iṣẹ́ ìṣirò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di tiwa. (A máa ń fi irú wọn yangàn ní ẹ̀ka Yorùbá, a kì í sì í béèrè bí wọ́n ṣe débẹ̀.)

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: méjì àti mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Ṣé ogún ni ìdáhùn rẹ̀ ni, àbí mẹ́rìnlá? Ẹni tó ń wo pátákó yóò rí i bóyá àkámọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé etí nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ kò lè mọ èyí tí olùkọ́ ní lọ́kàn. Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan níbẹ̀. Ìhun rẹ̀ ni kò ní òfin.

Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Abraham Nemeth, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tí a bí ní aláìríran, ni àwọn agbaninímọ̀ràn kọ́kọ́ darí sí sàíkọ́lọ́jì. Nígbà tí ó padà sí ìṣirò, ó ṣe ìlànà tí a fi ń kọ ọ́ ní Braille, ó sì ṣe òmíràn fún àwọn tó ń kàwé sí i létí: kí wọ́n máa sọ ibi tí ìdá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ wo márùndínláàádọ́ta: ogún lọ́nà mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá, ẹ tún yọ márùn-ún. Ìṣirò mẹ́ta wà nínú ọ̀rọ̀ kan, etí kì í sì í ṣì í gbọ́. Òótọ́ ni pé òǹkà yìí ń ni ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní lára, ṣùgbọ́n ẹnu ni a ṣe é fún, kì í ṣe pátákó.

Àwọn àtẹ ọ̀rọ̀ tí mo ń lò ní kíláàsì fún àkámọ́ lórúkọ, wọn kò sọ bí a ó ṣe ṣí i lẹ́nu àti bí a ó ṣe pa á dé. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ òǹkà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló dábàá pé: ‘Ṣí àkámọ́, méjì àti mẹ́ta, pa àkámọ́ dé, lọ́nà mẹ́rin.’ Ó ti sọ pé ogún ni kí n tó ronú débẹ̀.