Òdo Kì í Ṣe Ìkíní: Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ni ní Àkójọ Inú Python

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ lórí ẹ̀kọ́ kékeré kan tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè Python máa ń bá pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń mú ohun kan láti inú àkójọ, tí a sì ń fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí a gbé yẹ̀wò jù lọ ni ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn tó ń ṣe Python gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, èyí tí Guido van Rossum, ẹni tó dá èdè náà sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀. A tún wo irú àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Ìlú Enugu ni a dúró sí tí a fi wo ọ̀rọ̀ náà, torí pé àpẹẹrẹ tí a nílò pọ̀ níbẹ̀.

Èrò wa kò gùn. Kò sí ohun tó le nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àlàyé tí a ń fi ṣe é ni kò tó. À ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun ìkíní nínú àkójọ ni nọ́ńbà òdo, pé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kà, a ó sì kọjá síbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò ti gbàgbé, torí kò sí ìdí kankan tí a fún un tí yóò fi rántí.

Àṣìṣe tó pariwo àti àṣìṣe tó dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí olùkọ́ kan lè kọ sójú pátákó ní Enugu:

oja = ["Ogbete", "Kenyatta", "New Market", "Garki"]
print(oja[1])

Akẹ́kọ̀ọ́ ń retí Ogbete. Kenyatta ló jáde. Bí ó bá wá kọ oja[4], tó ń retí Garki, Python yóò fi ìkìlọ̀ hàn án: IndexError: list index out of range. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó pè ti kọjá òpin àkójọ.

Ohun kan náà ló ṣì lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n ìyà tó wà nínú wọn kò dọ́gba. Ti ìkejì pariwo, ó sì dá ètò náà dúró. Ti àkọ́kọ́ dákẹ́. Ó fún un ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì jọ òótọ́, nítorí ọjà ni Kenyatta náà í ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí a rí ló ń fi ojú ewé kan ṣàlàyé IndexError, tí wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èyí tó dákẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni ìbá dára.

Kò yẹ kí a dá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kọ́ QBASIC ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, FOR I = 1 TO 4 sì ti mọ́ wa lára. Àní, DIM A(4) nínú QBASIC máa ń ṣí àyè márùn-ún sílẹ̀, láti òdo dé mẹ́rin, ṣùgbọ́n a kì í lo ti òdo. Ó wà níbẹ̀ bí yàrá tí a tì pa.

9th Mile

Ẹni tó bá jáde ní Enugu, tó gba Ngwo kọjá, tó ń lọ sí Onitsha tàbí Nsukka, yóò dé 9th Mile, níbi tí àwọn tó ń ta okpa gbígbóná ti máa ń sáré tọ ọkọ̀. Máìlì mẹ́sàn-án sí Enugu ni ibẹ̀ fi gba orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ pe Enugu ní máìlì kìíní. Ẹni tó wà ní Enugu kò tíì rin máìlì kankan: òdo ló wà. Bí ó bá rin máìlì kan, ó ti kúrò níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi ìkẹsàn-án pe ibẹ̀, bí ẹni pé ipò ló ń sọ, ṣùgbọ́n ìjìnnà ni orúkọ náà ń wọ̀n.

Ohun tí nọ́ńbà inú àkámọ́ onígun ń ṣe nìyẹn. Kì í béèrè pé ohun kelòó ni. Ó ń sọ iye ìṣísẹ̀ tí a ó gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ àkójọ kí a tó débẹ̀. oja[0] ni ọjà tí a bá láìtíì gbé ẹsẹ̀. oja[1] ni èyí tí a bá lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti rí i báyìí kò ní í ha òdo sórí mọ́, torí yóò rí i pé kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè wà níbẹ̀.

Èyí náà ló tú ìdí tí oja[0:2] fi ń mú ọjà méjì péré wá, tí kò mú èyí tó wà ní 2 mọ́ ọn. Láti máìlì 2 dé máìlì 5, máìlì mẹ́ta ni a rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta máìlì mẹ́rin ni a fojú rí lójú ọ̀nà. Ní 1982, Edsger Dijkstra kọ ìwé kúkúrú kan láti fi gbèjà òdo, orí irú ìṣirò yìí ló sì gbé e kà: kí a lè yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú òpin, kí ìyókù jẹ́ iye ohun tó wà láàrin. Van Rossum, ọmọ Netherlands bíi ti Dijkstra, ṣàlàyé ní 2013 pé ọ̀nà gígé yìí ló fà á tí òun fi yan òdo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìkíní ni èdè ABC, tí Python ti yọ, ń kà. Ó yan òdo, ó sì ní ìdí. Ìdí yẹn gan-an ni a kì í sọ nínú kíláàsì.

Ọrún àti izu

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù nìyí. Ọjà mẹ́rin ni àwọn Ìgbò ń ná nínú izu kan: Eke, Orie, Afọ, Nkwọ. Ọjọ́ mẹ́rin náà ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọjà ọrọọrún ni a ń pè é, ọrún sì ti ara àrún wá. Àwọn kan ti rò pé Yorùbá ṣi òǹkà ni. Rárá o. Yorùbá ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn: òní ni ìkíní, bí ọjà bá sì tún pé, ìkarùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹta: òní, àná, ìjẹta, ó di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún, tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún lórúkọ, tí alẹ́ tó wà láàrin rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko.

Òǹkà méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń gbé wọ kíláàsì, a kò sì lò èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá ka ọjọ́ ọjà, márùn-ún ni. Bí a bá ka alẹ́ tí a ó sùn kí ọjà tó tún pé, mẹ́rin ni. Alẹ́ ni Python ń kà. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó lórí pátákó:

izu = ["Eke", "Orie", "Afọ", "Nkwọ"]
print(izu[(0 + 4) % 4])

Òní jẹ́ Eke, a kò tíì sùn, òdo. A fi alẹ́ mẹ́rin kún un, a pín in sí mẹ́rin, òdo ló ṣẹ́ kù, Eke tún jáde. Ẹni tó bá fi márùn-ún síbẹ̀ nítorí ọrún yóò rí Orie, yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọjà ti bọ́ sọ́wọ́ òun òdì.

Ìwé àwọn onípython àti ọ̀rọ̀ èso

A padà sórí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ohun méjì ló ṣe tó wú wa lórí. Àkọ́kọ́ ni àwòrán kékeré kan tó fi nọ́ńbà sí àárín lẹ́tà, kì í ṣe sórí lẹ́tà. Èrò òkúta máìlì ni èyí láìsí ọ̀nà. Ìkejì ni àkójọ kan tí a pè ní cubes, níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ 65 sí ibi tó yẹ kí 64 wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni àwòrán yẹn wà, nígbà tí a bá sì dé orí àkójọ, ìwé náà kàn sọ pé bí ti ìṣáájú ló rí. Èyí tó burú jù ni àkójọ àkọ́kọ́ tó lò: squares = [1, 4, 9, 16, 25]. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó kọ squares[3], ó rí 16. Nọ́ńbà inú àkámọ́ àti nọ́ńbà inú àkójọ fi ẹyọ kan yàtọ̀ síra, lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fojú kàn án. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, [0, 1, 4, 9, 16, 25], àkójọ náà ìbá máa jẹ́rìí fún òdo dípò kó máa bá a jà. (Àwàdà wọn lórí cat, window àti defenestrate, ìyẹn kí a ju nǹkan gba ojú fèrèsé, a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá yé.) Ká má purọ́ mọ́ wọn ṣá o: àwọn fúnra wọn sọ pé ẹni tó ti mọ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ tẹ́lẹ̀ ni àwọn kọ ọ́ fún. Àwa la gbé e wọ kíláàsì ọdún kìíní.

Ti àwọn ìwé mìíràn, èso ni: ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣẹ́rì. Àríwísí tí a sábà ń gbọ́ ni pé a kì í rí ṣẹ́rì rà ní Ogbete. Àríwísí yẹn fúyẹ́. Bí a bá fi àgbálùmọ̀, tí àwọn Ìgbò ń pè ní udara, rọ́pò ṣẹ́rì, àléébù náà kò lọ: èso kò ní ètò. Kò sí ẹni tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èso wo ló ṣáájú, nítorí náà, bí èyí tí kò yẹ bá jáde, kò sí ẹni tí yóò ta kìjí. Àkójọ ọjà Enugu tí a kọ sókè ní àléébù kan náà. Eke, Orie, Afọ, Nkwọ kò ní in. Ètò wọn wà lẹ́nu ọmọdé. Bí Python bá pe Orie níbi tí a ti ń retí Eke, gbogbo kíláàsì ni yóò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Wọn kò dé orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wa ló kù. Àwọn kan ń lo "ipò" fún nọ́ńbà inú àkámọ́. A kò fara mọ́ ọn, torí ẹni tó bá gbọ́ ipò, ipò kìíní ló máa ń rò, àṣìṣe wa sì tún padà dé. "Ìjìnnà" ni àwa yàn.

Fún print, "tẹ̀ jáde" ni ọ̀pọ̀ ń lò. Láyé tí kọ̀ǹpútà ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ sórí bébà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ "tẹ̀ jáde" yóò máa ro ti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti iye owó lórí ojú ewé kan. "Fi hàn" tó.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní wàhálà kan tí ìwé èso kò mọ̀. Bí a bá ní kí Python ka iye lẹ́tà inú "ọ̀la", mẹ́rin ni yóò pè é, nítorí pé àmì ohùn orí ọ̀ dá dúró fúnra rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "ọ̀la"[1] kì í ṣe l. Àmì ohùn lásán ni. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ gbígé lẹ́tà gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó wọ kíláàsì.

Orúkọ tó sọnù

Àwọn tí à ń kọ́ yóò di olùkọ́, wọn yóò sì máa fi Python tẹ èsì ìdánwò. Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń lọ:

oruko = ["Adaeze", "Bola", "Chinedu", "Ngozi"]
for i in range(1, len(oruko) + 1):
    print(oruko[i])

Bọ́lá, Chinedu àti Ngozi jáde, ni IndexError bá dé. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí ìkìlọ̀ náà lọ. Ó yọ + 1 kúrò. Ìkìlọ̀ lọ lóòótọ́, orúkọ mẹ́ta jáde, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní. Adaeze kò sí níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ètò lẹ́tà ni a fi ń to orúkọ, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ fi A bẹ̀rẹ̀ ni yóò máa sọnù ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, títí òbí kan yóò fi wá béèrè èsì ọmọ rẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kí olùkọ́ fi hàn ní ọjọ́ kìíní gan-an ni pé kò pọn dandan láti mẹ́nu ba nọ́ńbà rárá: for o in oruko: print(o) yóò mú gbogbo wọn wá. Bí nọ́ńbà bá sì yẹ kó wà níwájú orúkọ, enumerate, tí ìwé àwọn onípython náà dábàá, ni kí a lò:

for nomba, o in enumerate(oruko, start=1):
    print(nomba, o)

Níbí, òǹkà ọrún àti òǹkà alẹ́ jọ wà lójú kan. Adaeze ni nọ́ńbà 1 lórí èsì tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri, òdo ló sì wà nínú àkójọ.