"Ará Oko" Lẹ́nu Ta Ni? Àyẹ̀wò Èdè Abà ní Agbègbè Ìbàdàn

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí kò ju gbólóhùn kékeré kan lọ, èyíinì ni "ará oko". Bí ènìyàn bá kí àgbà bí kò ti yẹ, ará oko ni a ń pè é. Bí ẹ̀dá-ìtàn kan bá bọ́ sójú agbo nínú eré aláwàdà, tí ó ń sá fún iná mànàmáná, ará oko ni òun náà. Lámèyítọ́ a sì máa gba ìtumọ̀ yìí bí ẹni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Èrò tiwa ni pé èdè kọ́ ni ó sọ ọ́; ẹni tí ń gbé ìlú ni. Bí a bá lọ tẹ́tí sí àwọn tí oko jẹ́ ibùgbé wọn, èdè kan náà ní ohun mìíràn tí ó ń wí. Àwọn abà tí ó yí Ìbàdàn ká, pàápàá lọ́nà Àkànràn, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ahéré ni ilé kótópó tí àgbẹ̀ ń sá òjò sí. Abà ni ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí tí àwọn ènìyàn ń sùn tí wọ́n ń jí níbẹ̀. Oko etílé kò jìnnà sí ìlú. Oko egàn jìnnà, ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ kì í bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lámèyítọ́ tí ó bá kó gbogbo èyí pọ̀, tí ó pè é ní "abúlé", tí ó sì fi wé abúlé inú ìwé ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣìnà. Abúlé tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ àti itẹ́ òkú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti bí ènìyàn, ibẹ̀ náà ni a ó sin ín sí. Abà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, agboolé tí ó wà nínú ìlú àti abà tí ó wà lóko jẹ́ apá méjì ara kan ṣoṣo. Ọdún eégún, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ilé ni gbogbo rẹ̀ ń pe ènìyàn sí. Nítorí náà, bí a bá fi ojú òfin ẹbí wò ó, kò sí ẹni tí í ṣe ará oko. Ará ilé tí ó wà lóko ni.

Ibí yìí ni òwe "Ilé làbọ̀ sinmi oko" ti nílò àtúnkà. A sábà máa ń túmọ̀ òwe yìí láì bèèrè ẹni tí ó pa á. Lẹ́nu ará ìlú, ohun tí ó ń wí ni pé oko kò ju ibi làálàá lọ, ọgbọ́n àti fàájì wà nílé. Lẹ́nu àgbẹ̀ tí ó ti lo ogójì ọdún ní abà, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ó di ẹ̀rí pé òun ní ilé, pé bí ó ti wù kí oko gbà òun tó, iyàrá kan wà nínú agboolé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ òun. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbéraga. Ti èkejì jẹ́ bí ìwé ẹ̀tọ́. Síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó yàtọ̀ nínú wọn.

Kòkó ni ó wá da ètò yìí rú. Ẹni tí ó bá gbin iṣu, bí ilẹ̀ bá ti ṣá, yóò fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, yóò sì kọjá síbòmíràn. Igi kòkó kì í ṣí kiri. Ó a máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, olówó rẹ̀ kò sì lè fi í sílẹ̀. Bí abà ṣe di ibi tí a ti ń bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìyẹn, àwọn ọmọ tí a ń fi oríkì ilé tí wọn kò gbé rí kí. Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo òwe kejì: "Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà." Àwọn olùkọ́ a máa fi òwe yìí kọ́ni pé kí oníkálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ọmọ a máa bá baba rẹ̀ ro oko, a sì tún ní ilẹ̀ díẹ̀ tí ó ń ro fún ara rẹ̀ ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ iṣu ni wọ́n gbìn, àríyànjiyàn wọn kò lè pẹ́ ju ìgbà ìkórè lọ. Nígbà tí ó di kòkó, tí baba kú, ohun tí a ń bèèrè ni pé ta ló gbin igi wo: ṣé ti ẹbí ni, àbí ti ọmọ nìkan? Ìlà pèrègún tí ó wà láàárín igi méjì di ohun tí a ń gbé lọ sí kóòtù. Òwe tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ ìwà, òfin ilẹ̀ ni lóko.

Nípa ìkíni, ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn. "Àroko bọ́dún dé" ni a ń kí àgbẹ̀. A kò yìn ín fún iṣẹ́ tí ó ti ṣe. A gbàdúrà pé kí ẹ̀mí rẹ̀ bá iṣẹ́ náà dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àáró àti ọ̀wẹ̀, tí ará ìlú máa ń pè ní ohun kan náà. Àáró ní òǹkà: ọjọ́ tí mo lò ní oko rẹ ni ìwọ yóò lò ní tèmi. Ọ̀wẹ̀ kò ní òǹkà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ àti iyì ni a fi ń pè é. Àwọn tí èdè wọn lè ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára oore báyìí kì í ṣe òpè.

Ibi tí èdè abà ti gbé lágbára jù lọ ni orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ sọ ẹgbẹ́ wọn. Ní 1944 ni a rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní agbègbè Ìbàdàn. Ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde kí wọ́n máa gé igi tí àrùn bá mú. Ìmọ̀ ìjọba kì í ṣe irọ́, nítorí àrùn náà kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣì ń so ni wọ́n ń bẹ́ lulẹ̀ lójú ẹni tí ó gbìn ín. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dùn wà nínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Máyégún. Mú ayé gún: ayé ni ó wọ́, kì í ṣe igi wọn. Kò sí ìbínú nínú orúkọ náà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

Ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó-orí wúwo tí iye tí a ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn kò sì tó nǹkan, orúkọ mìíràn jáde: Àgbẹ̀kọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn sá fún ìyà, wọn kò sì sọ pé ìyà pọ̀ lórí àwọn. Wọ́n ní àwọn kọ̀ ọ́. Ohun tí a bá gbé fún ènìyàn nìkan ni ó lè kọ̀. Orúkọ náà ti fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ń gbé ìyà fúnni láì dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú. Kì í ṣe "ará oko", kì í ṣe "mẹ̀kúnnù" pàápàá. "Àgbẹ̀" ni: orúkọ iṣẹ́, kì í ṣe orúkọ ibùgbé. Ẹ̀gàn ìlú wà lára ibùgbé. Wọ́n fò ó dá.

Àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí à ń kọ́ jù kò dúró pẹ́ lóko. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, láti ìlú ni a ti ń bọ́ sínú igbó. Oko tí ó wà láàárín kò ju ojú ọ̀nà lọ. Àjà Ló Lẹrù ti Ọ̀kẹ́dìjí, 1969, àti Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá, 1974, jẹ́ ìwé ìgboro àti ti yunifásítì, a kò sì ní tìtorí èyí bá wọn wí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ. Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Fálétí ni ó yàtọ̀. Àwọn ará Òkè-Ògùn tí ń sin Olúmokò ni ó fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, ó sì jẹ́ kí wọ́n jìjà òmìnira wọn fúnra wọn. Ọdún 1969 ni ìwé náà jáde, ọdún Àgbẹ̀kọ̀yà gan-an. A kò ní sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n ayé àwọn ọba àtijọ́ ni Fálétí gbé ìtàn rẹ̀ sí, àgbẹ̀ kòkó kò sì sí níbẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ti já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, Olóyè Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gba ọ̀nà Àkànràn lọ bá Tafá Adéoyè, olórí wọn, láti bá a sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Owó-orí náà wálẹ̀ sí £2. Ìlú ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí abà ní ọjọ́ náà, ará oko ni ó sì gbà á lálejò. A kò tíì rí ìrìn yẹn nínú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá kankan tí a kà.